Ilẹ̀ Bàbá Lẹ́yìnkùlé

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta 2025

Bàbá ti yan ibi tí wọ́n fẹ́.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, gèlè ṣì wà lórí mi, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀ dé igun tó kángun sí ọgbà Baálẹ̀, lábẹ́ igi tó máa ń yọ òdòdó pupa nígbà ooru. Wọ́n gún ọ̀pá mọ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ibí yìí. Omi kì í dúró síbẹ̀. Kí ẹ kọ orí mi sí ọ̀nà ilé, kí n lè máa gbọ́ ohùn yín."

Mo ní ẹ ṣì máa pẹ́, sà. Wọ́n ní kí n má fi ìyẹn dá àwọn lóhùn. Ṣé mo gbọ́ àbí n kò gbọ́?

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí. Ẹnu mi ló sọ ọ́ — èmi Títílọpẹ́ tí mi ò tíì ṣí ìwé ilé náà wò láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ sí i.

Baálẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, ó ń wò wá. Baálẹ̀ ni mo ń pe Mr. George, alága HOA wa, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ní Lithonia, Georgia níbí. Ọkùnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ tó kù fún un náà ni ká má rímú mí. Kò sí koríko tó ga, kò sí garawa ìdọ̀tí tó pẹ́ níta, tí kò ní kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá yóò fúyẹ́.

Télọ̀ ni Bàbá ní Mushin. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ilé onílé. Mo ṣì ń rí maṣíìnì ìránṣọ wọn nínú òjò, níwájú ilé kan tí lánlọ́ọ̀dù ti lé wa jáde, tí Màmá tú ìró ìdí ara wọn bò ó. Nígbà tí Màmá kú, a ò ní ilé tí a óò sin wọ́n sí. Itẹ́ òkú ìjọba la gbé wọn lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan Bàbá padà lọ síbẹ̀, wọn ò rí ojú oórì mọ́. Wọ́n ti sin ẹlòmíràn lé e lórí. Wọ́n wálé, wọ́n jókòó ti maṣíìnì, wọn ò ránṣọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ilé ẹbí tó wà ní Ìkìrun ńkọ́? Àwọn àbúrò bàbá wọn ti tà á kí wọ́n tó gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Lánlọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé yìí. Bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, n óò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: Ẹ kú ilé o, sà. Wọ́n á ti orí àga wọn dáhùn: Lánlọ́ọ̀dù, káàbọ̀. Ẹnikẹ́ni ò pọ́n mi lé bẹ́ẹ̀ rí, títí kan bàbá Praise, ọmọ mi, nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun. Wọn ò ní rí ìgbà ooru. Bàbá mọ̀. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ; ohun tó kù tí àwọn ń bi Ọlọ́run ni pé níbo.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Káyọ̀dé pè láti Stockbridge. Àbúrò mi, díákónì, ọlọ́gbọ́n ilé wa. Mo sọ ohun tí Bàbá wí fún un.

"Sister Títí, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n this is not Mushin. Inú subdivision, àárín ilé àwọn èèyàn, lẹ fẹ́ sin òkú sí? Ẹ sọ òótọ́ fún Daddy. Ẹ jẹ́ ká lọ ra ibojì tó dáa fún wọn, kí everybody sinmi."

Mo ní òun kọ́ ló máa wo ojú Bàbá sọ ọ́. Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mo lọ bá Lọ́yà Damaris Fátókun ní Lawrenceville. A jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni, ó ti ní kí n jókòó kí n tó kí i tán. Ó ka ìwé ilé mi bí àwa nọ́ọ̀sì ṣe ń ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò dára. Kò gbójú sókè.

Ó ní ohun tí ìpínlẹ̀ gbà lọ́tọ̀, ohun tí kaúńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa, gbà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà àdúgbò wa ni yóò kọ́kọ́ dá mi dúró. Májẹ̀mú ni, ó sì ń bá ilẹ̀ rìn: ẹni yòówù kó ra ilé níbẹ̀, ó ti rà á mọ́ ilé. Ilé gbígbé nìkan. Wọ́n dárúkọ òkú sísin sínú rẹ̀ gan-an pé a ò gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Ìwé ọjọ́ náà pọ̀, ọwọ́ ń ro mí, inú mi ń dùn, mo ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí wọ́n bá tì síwájú mi.

Mo ní, ṣé ilẹ̀ mi kọ́ ni?

Ó ní, "Aunty mi, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ lè gbé e, ẹ lè tà á. Ṣùgbọ́n ní Georgia níbí, security deed, ìwé ìdógò ilé tí ẹ sign fún báńkì, ó ti gbé title, ìyẹn orúkọ onílẹ̀, fún wọn. Tí ẹ bá san gbèsè yẹn tán, ó máa padà sọ́wọ́ yín. Bó ṣe rí nìyẹn, ma."

Lánlọ́ọ̀dù! Orúkọ tí wọ́n ń pè mí láàárọ̀ nìyẹn.

Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo wà: kí àwọn onílé dìbò láti yí ìlànà náà padà. Ta ni yóò gbé e lọ síwájú wọn? Alága. Baálẹ̀. Mo wa mọ́tò bọ̀ wálé, mo sunkún láti Lawrenceville dé Lithonia.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo ka ìwé náà fúnra mi. Lọ́yà ò purọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Baálẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání — a kì í fọwọ́ òfo lọ bẹ àgbà, bí àgbà náà tilẹ̀ jẹ́ aláìláàánú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Maṣíìnì nínú òjò, oórì Màmá tó sọnù, igun abẹ́ igi. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó wá ní òun káàánú mi, Miss Títí, ṣùgbọ́n rárá. Òun ò ní gbé e lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ tí òkú bá wọ àdúgbò yìí, kò sí ẹni tí yóò ra ilé níbẹ̀ mọ́, àwọn arúgbó tí ilé wọn nìkan ni wọ́n ní láyé ni yóò jìyà rẹ̀. Ó ní ìlànà kan náà ni òun fi de gbogbo èèyàn, òun ò lè tú u fún ẹnì kan.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Mo sunkún lójú rẹ̀. Ó fún mi ní aṣọ ìnujú, ó sìn mí dé ẹnu géètì. Mo fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ nítorí ojú ń tì mí láti gbé e padà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Bàbá bi mí: "Lánlọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ibi yẹn ńkọ́? Ṣé ìjọba ò ní yọ ọ́ lẹ́nu?"

Mo ní mo ti parí ẹ̀ pẹ̀lú wọn, sà. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní Ọlọ́run á bá mi ṣe é.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tèmi ò ní lọ jìnnà. Bàbá máa kú kí òtítọ́ tó dé, ohun tí mo gbọ́kàn lé nìyẹn. Irú ọmọ wo ló ń gbọ́kàn lé ìyẹn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Nǹkan ṣe! Mo jí lọ́sàn-án, Bàbá ò sí nílé. Praise ní, "Mummy, calm down, Mr. George ló wá gbé Grandpa. Wọ́n ní wọ́n ń lọ get haircut."

Baálẹ̀. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Wọ́n dé. Mi ò dá Bàbá mọ̀. Wọ́n ti fá orí kodoro. Irùngbọ̀n funfun tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ìgbà tí Màmá ti kú — ó ti lọ pátá. Mo ní, ta ló kú tí ẹ fi fárí, sà? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí ń gbóná àwọn.

Mi ò kí Baálẹ̀. Ó ní kò sáyè fún bàbá mi nínú ilẹ̀, ó wá ń gbé wọn kiri bí ọ̀rẹ́. Ẹ̀tàn aráyé pọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Bàbá ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí Praise bá àwọn wá abẹ́rẹ́ àti òwú funfun. Nígbà tí mo dé, wọ́n ń rán nǹkan kékeré kan, áńkáṣíìfù ni mo rò pé mo rí. Pẹ̀lú gbogbo àìsàn náà, ojú abẹ́rẹ́ ò yẹ̀. Mo ní kí ni, sà? Wọ́n fi ọwọ́ bò ó. "Iṣẹ́ mi ni. Lọ se oúnjẹ."

Ó dùn mọ́ mi láti rí wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

Ta ló gé èékánná wọn? Ó kú díẹ̀ kó dẹ́ran. Praise ní òun kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Yẹ̀pẹ̀ pupa lára bàtà Bàbá. Ó jọ pé lánàá, nígbà tí mo ń sùn tí Praise wà ní school, wọ́n dá jáde sẹ́yìnkùlé. Mo bá wọn wí. Tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Wọ́n bẹ̀ mí bí ọmọdé.

Lálẹ́ mo fẹ́ tún irọ́ mi pa kí wọ́n tó bi mí. Mo ní ẹ má ronú nípa ibi yẹn rárá, sà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi. "Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, Lánlọ́ọ̀dù. Má dá ara rẹ lágara."

Ó dà bíi pé ìrora ti ń mú wọn gbàgbé. Àbí wọn ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ó dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Wọn ò lè dìde mọ́ láti Ọjọ́rú. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni tó ń lọ ti gbé ibùsùn wọn wá sí pálọ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ṣe é. Iṣẹ́ mi ni. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Wọ́n ní ká yí ibùsùn náà kí àwọn lè máa wo ojú fèrèsé ẹ̀yìn. A yí i.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Bàbá ti lọ. Nídàájí. Ọwọ́ wọn wà nínú tèmi àti ti Káyọ̀dé.

Ọjọ́rú, 26 Oṣù Kẹta

Èmi àti Káyọ̀dé lọ ra ibojì. Ibẹ̀ ò jìnnà sí I-20, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá yẹn, èèyàn á máa gbọ́ ariwo mọ́tò. Koríko dọ́gba, òkúta dọ́gba. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn níwà tútù. Mo bi í pé ṣé ilẹ̀ náà ti di tiwa báyìí. Ó ní rárá, ma: ẹ̀tọ́ láti sin òkú síbẹ̀ lẹ rà, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwọn.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Káyọ̀dé di apá mi mú, ó rò pé orí mi ti dàrú. Kò dàrú. Bàbá tún ń lọ gba yàrá ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Òru àná ni mo rántí. Nílé, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé ìyẹn wálé sin. Ibi tí wọ́n bá sin ín sí, ibẹ̀ ni òkú wà. Kò sí ẹni tó máa bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Báwo ni mi ò ṣe tètè rántí?

Mo fi àlùmọ́gàjí kékeré sínú báàgì, mo sáré lọ sí ilé ìtọ́jú òkú. Mi ò sọ fún Káyọ̀dé. Díákónì máa ní ìbọ̀rìṣà ni. Mo ní kí wọ́n fi èmi àti bàbá mi sílẹ̀ díẹ̀.

Kò sí nǹkan kan láti gé. Orí ń dán, irun tó ti hù kò tó ohun tí àlùmọ́gàjí lè mú. Àgbọ̀n kodoro. Mo gbé ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èékánná ò yọ rárá. Gbogbo ohun tí mo lè gbé bọ̀ wálé, Baálẹ̀ ti jẹ́ kí onígbàjámọ̀ gbá a dànù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, aṣọ dáadáa lọ́rùn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹta

A sin Bàbá. Òjò rọ̀. Baálẹ̀ wá, ó wọ kóòtù dúdú, ó dúró lẹ́yìn. Mi ò wo apá ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Mo ti iṣẹ́ dé láàárọ̀, mo gbàgbé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kú ilé o, sà.

Fíríìjì nìkan ló ń ké.

N óò ta ilé yìí. Kí ni mo ní níbẹ̀? Báńkì ló ni title, HOA ló ni koríko, bàbá mi wà lẹ́bàá I-20. Mi ò lè fọ abọ́ kí n má wo igun yẹn. Praise sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "But this is Grandpa's house." Mo ní Grandpa ò ní ilé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹrin

Alágbàtà ilé ti wá. Obìnrin gidi, kì í sọ̀rọ̀ jù. Ó ti ri pátákó mọ́ iwájú ilé. Ẹni tó fẹ́ wò ó máa wá ní Àbámẹ́ta.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin



Baálẹ̀ kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Mo rò pé pátákó ló bá wá, pé ó ga jù tàbí ó gbòòrò jù. Mo ti múra ìjà. Ó ṣí fìlà. Ó ní òun ti ṣèlérí fún bàbá mi pé òun ò ní sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí òun rí pátákó yẹn òun ò lè sùn.

Ó ní Bàbá ti bá òun lẹ́nu ọgbà ní ọjọ́ kejì tí mo lọ bẹ òun. Wọ́n fi òyìnbó Mushin wọn bi í: ṣé èèyàn lè sin òkú síbí? Ó ní rárá. Bàbá ní, ọmọ mi ti bi ọ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní, ó sunkún? Ó ní òun ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n òun dáhùn. Ó ní Bàbá di igi ọgbà mú, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbójú sókè. Wọ́n wá ní kó gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́rú! Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bi mí, tí mo purọ́, wọ́n ti mọ̀. Àǹfààní ni wọ́n fún mi láti sọ òótọ́. Mi ò sọ ọ́, wọ́n sì súre fún mi.

Ó ní onígbàjámọ̀ fẹ́ gbá irun náà dànù, Bàbá ò gbà. Wọ́n kó o sínú áńkáṣíìfù, àti ti orí àti ti àgbọ̀n. Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé, wọ́n tún pè é lẹ́nu ọgbà, kó mú ṣọ́bìrì wá. Wọ́n mú àpò funfun kékeré kan dání, wọ́n ti rán an pa yíká. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka síbi tó máa gbẹ́. Ó ní òun bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀, Bàbá ní díẹ̀ lára àwọn ni: irun àti èékánná. Ó ní òun tún inú ìlànà ẹgbẹ́ rò lọ́kàn, òun ò rí ibi tí wọ́n ti kọ̀wé nípa ìyẹn. Òun sì gbẹ́ ilẹ̀.

"Ó jìn gan-an, Miss Títí. Mi ò gbẹ́ ẹ yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́."

Nígbà tó kó yẹ̀pẹ̀ bò ó tán, Bàbá fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ní kó ṣẹlẹ́rìí: láti òní lọ àwọn ni lánlọ́ọ̀dù, ọmọ àwọn ni ayálégbé, ṣùgbọ́n àwọn ò ní lé e jáde láé. Ó ní àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Bàbá fi ń wúkọ́.

Mo sunkún, ó sì jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ìyàwó òun wà nínú ilẹ̀ ní Alabama, ó jìnnà, òun ò lè máa lọ bóun ṣe fẹ́.

Baálẹ̀ ni mò ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé wa, baálẹ̀ ló ń fún àlejò nílẹ̀.

A kì í ta ilé tí bàbá ẹni wà nínú rẹ̀. Mo pe alágbàtà, mo ní kó wá yọ pátákó rẹ̀. Ó bi mí ìdí. Mo ní lánlọ́ọ̀dù ò gbà.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Mo ti iṣẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Mi ò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ìrì ṣì wà lórí koríko, mo kúnlẹ̀ lábẹ́ igi náà tèmi taṣọ iṣẹ́.

Ẹ kú ilé o, Lánlọ́ọ̀dù.